Ọ̀rá àti Kẹ́ẹ̀gì: Ọmọ Ìyá tí Ìwà Wọn Yàtọ̀

Ẹni tí ó ra omi inú ọ̀rá ní ọjà Ìkòtún, tí ó sì rí àwọn tí ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi ní Ẹ̀gbẹ́dá, lè má mọ̀ pé ohun kan náà ni a fi ṣe àpò omi náà àti kẹ́ẹ̀gì. Polyethylene ni orúkọ rẹ̀. Náílọ̀n ni àwa ń pè é, bẹ́ẹ̀ ohun mìíràn ni náílọ̀n gan-an. Kí ló dé tí ọ̀kan fi rọ̀ tí èkejì sì le?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ̀. Bí a bá fá ewé kúrò lára imọ̀ ọ̀pẹ dáradára, àwọn ẹyọ ọwọ̀ a fara mọ́ra típẹ́típẹ́, ìdì wọn a sì le. Bí ewé bá kù lára wọn, àlàfo yóò wà láàárín, ìdì náà yóò sì rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni polyethylene rí. Okùn gígùn tí ojú kò lè rí ni ó kóra jọ di í: okùn ti ọ̀rá ní ẹ̀ka púpọ̀, ti kẹ́ẹ̀gì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá.

Ní ọdún 1933 ni Reginald Gibson àti Eric Fawcett ṣèèṣì rí èyí tí ó rọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n fi agbára ńlá tẹ afẹ́fẹ́ ethylene pọ̀. Ní ọdún 1953, Karl Ziegler ti ilẹ̀ Jámánì ṣe èyí tí ó le láìlo irú agbára bẹ́ẹ̀. Òun àti Giulio Natta gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1963.

Èyí tí ó le lè ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní líle. Ṣùgbọ́n líle nìkan kọ́ ni ìwúlò: kẹ́ẹ̀gì tí oòrùn ń pa lọ́dọọdún a máa sán. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ táńkì omi orí ilé wa fi jẹ́ irú kẹta, èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀ka kúkúrú sí, kí ó lè dúró, kí ó sì lè yí díẹ̀ láìfọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kíyè sí ooru. Ọ̀rá a máa yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kẹ́ẹ̀gì ní nǹkan bí 130. Omi a máa hó ní 100. Ẹ̀kọ gbígbóná a tètè sọ ọ̀rá di jẹ́lẹ́ńkẹ́, òróró tí a fi ń dín àkàrà a sì yọ́ kẹ́ẹ̀gì pátápátá.

Méjèèjì ni ó ń léfòó lórí omi, wọn kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dí gọ́tà wa nígbà òjò. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìgàndó kọjá lẹ́bàá ààtàn Solous mọ ibi tí àìbìkítà ń kó wa lọ. Ẹ wo ìdí ike: nọ́ńbà 2 ni líle, 4 ni rírọ̀. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, ohun tí a tún fi wọ́n ṣe kì í dára tó. Ẹ jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ méjì wà ní ilé wa, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní irú tirẹ̀.