Ọrùn Gìtá Oníná àti Irinṣẹ́ Tó Ń Tọ́ Ọ

Nínú gìtá oníná, òòfà kékeré tí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí àwọn onígìtá ń pè ní píkọ́ọ̀pù, ló ń mọ bí okùn onírin ṣe ń gbọ̀n, tó sì ń sọ ìgbọ̀n náà di iná tíńtín tí áńpù yóò gbé sókè di ohùn. Kò pọn dandan, nítorí náà, kí inú irú gìtá bẹ́ẹ̀ ní ihò. Odindi pákó tilẹ̀ dára jù fún un, torí àwọn gìtá oníhò tí wọ́n kọ́kọ́ so mọ́ iná máa ń hu gooro nígbà tí ohùn áńpù bá padà wọ inú wọn. Les Paul, gbajúgbajà onígìtá ará Amẹ́ríkà, ti fi èyí hàn ní nǹkan bí ọdún 1940, nígbà tó so okùn àti píkọ́ọ̀pù mọ́ òpó igi páìnì kan, tó wá lẹ ẹ̀gbẹ́ gìtá méjì mọ́ ọn kí ojú àwọn ènìyàn lè gbà á. Ara gìtá ni olùrà ń kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n káfíńtà tó mọ ayùn àti ìfági lò lè gbẹ́ ẹ láìlàágùn púpọ̀. Ọrùn ni iṣẹ́ wà, pàápàá ibi tí ọrùn ti pàdé ara, nítorí bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ ló ń pinnu irinṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ àti bóyá ó ṣeé tún ṣe nígbà tó bá bàjẹ́.

Ọ̀nà méjì tó gbajúmọ̀ jù ti Amẹ́ríkà wá. Leo Fender, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton ní ìpínlẹ̀ California, tí kò sì mọ gìtá ta, gbé gìtá kan jáde ní ọdún 1950, èyí tó di Telecaster ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Igi ash ni ara rẹ̀, igi maple ni ọrùn, súkúrúù mẹ́rin ni wọ́n sì fi dè wọ́n pọ̀ láti ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ Gibson ti ìlú Kalamazoo tẹ̀ lé àṣà àwọn tó ń ṣe fáólìnì: nínú gìtá Les Paul tí wọ́n mú jáde ní ọdún 1952, wọ́n ti ìdí ọrùn bọ inú ihò tó bá a mu, wọ́n sì fi àtè lẹ̀ ẹ́ pa. Ọ̀gànwó ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn náà, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń fi ìbátan rẹ̀ tó ń hù nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rọ́pò rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè fojú kéré súkúrúù, ṣùgbọ́n ojú atúnrédíòṣe ni Fender fi wò ó, pé ohun tó lè bàjẹ́ yẹ kó ṣeé tú, ó sì ṣòro láti sọ pé kò tọ̀nà.

Lílo súkúrúù kò wá sọ iṣẹ́ náà di wúruwùru. Ihò tí ìdí ọrùn ń wọ̀ nínú gìtá Fender jìn tó nǹkan bí mílímítà 16, ó sì yẹ kó fún ọrùn débi pé, bí a bá gbé gìtá sókè láì tíì de súkúrúù, ọrùn kò ní já bọ́. Rọ́tà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á kọ́kọ́ gé àwòṣe kan, wọ́n á fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gìtá, bíárìn kékeré tó wà lára abẹ á sì máa yí lọ létí àwòṣe náà tí abẹ kò fi ní kọjá àyè rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ a máa fi díríìlì lu ihò síbẹ̀ ṣáájú, kí rọ́tà tó wá máa bù ú ní mílímítà méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, nítorí rọ́tà tí a fi agídí tì lè ya etí igi, ó sì lè fò kúrò lọ́wọ́.

Lójú ọrùn ni fúrẹ́ẹ̀tì wà, ìyẹn àwọn wáyà irin tó dábùú lábẹ́ okùn. Láti mọ àyè wọn, a óò fi 17.817 pín gígùn okùn, ohun tó bá jáde ni àyè fúrẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, a óò sì tún máa pín ìyókù bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Bí okùn bá gùn tó mílímítà 648, bí ti Fender, fúrẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ á bọ́ sí 36.4, ìkejìlá á sì bọ́ sí 324, tí í ṣe ìdajì. Ayùn tín-ín-rín ni wọ́n fi ń la ojú ibẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ fúrẹ́ẹ̀tì ní eyín kéékèèké tó gbọ́dọ̀ há mọ́ igi nígbà tí a bá fi òòlù gbá a wọlé. Bí ojú náà bá fẹ̀ jù, fúrẹ́ẹ̀tì á gbé sókè. Bí ó bá fún jù, gbogbo wọn á para pọ̀ ti ọrùn tẹ̀ sẹ́yìn. Okùn, ní tiwọn, ń fa ọrùn síwájú láìdákẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá irin tó ṣeé yí fi wà nínú rẹ̀ láti dá a padà.

Àtúnṣe tó wọ́pọ̀ ni títẹ́ fúrẹ́ẹ̀tì tí okùn ti jẹ ní kòtò. Atúngìtáṣe á fi téèpù bo igi tó wà láàárín wọn, á fi máákà kun orí fúrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, á wá máa fi irin gbọọrọ tí sáńpépà wà nídìí rẹ̀ rà wọ́n lọ rà wọ́n bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Ibi tí yíǹkì bá ti kọ́kọ́ parẹ́ ló ga jù. Gẹ́rẹ́ tí yíǹkì bá tán lórí gbogbo wọn ló yẹ kó ṣíwọ́, torí irin tí a bá ti fá kúrò kò ní padà. Fáìlì tí inú rẹ̀ tẹ̀ kòtò ni yóò wá fi dá orí wọn padà sí bó ṣe yẹ, yóò sì fi kànìnkànìn onírin tó kúnná jù dán wọn, lẹ́yìn tó bá ti bo píkọ́ọ̀pù, kí òòfà má baà fa ẹ̀hun irin mọ́ra.

Gìtá Gibson ní wàhálà tirẹ̀. Wọ́n dẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn ní dígíríì 17, igi kan náà ni wọ́n sì fi gbẹ́ orí àti ọrùn, tí iṣan igi kò fi gùn níbi tó ti tẹ̀. Ihò orí ọ̀pá irin tún bu igi kúrò níbẹ̀ gan-an. Bí irú gìtá bẹ́ẹ̀ bá ṣubú sẹ́yìn, ibẹ̀ ló máa ń kán. Bí ojú ibi tó kán bá gùn, tó sì mọ́, àtè igi àti ìdè tó dúró fún wákàtí 24 lè so ó débi pé ó le ju igi tó yí i ká lọ. Súpàgúlú tí ẹlòmíràn ti dà sí i ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí àtè kò ní ráyè wọ inú igi mọ́, wọ́n á sì ní láti la ojú méjì kọjá ibẹ̀ kí wọ́n fi igi líle dí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọyẹ́ ló ń dán gbogbo iṣẹ́ yìí wò. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi kúrò lára igi, igi á sún kì, ṣùgbọ́n fúrẹ́ẹ̀tì kì í sún kì, etí rẹ̀ á wá yọ síta, á sì máa ha ọwọ́ onígìtá. Fáìlì tó tẹ́jú tí a dẹ̀ ní dígíríì 45 ló ń gé etí náà kúrò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sáré gé e ní ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí igi náà ṣì lè sún kì sí i. Bí a bá gé e nígbà tí igi gbẹ tán, kò ní yọ lẹ́nu mọ́ nígbà tí òjò bá dé, tí igi sì tún wú.