Ṣé o mọ̀? Ọ̀sán gangan kì í ṣe aago méjìlá ní Kùtọ́nù

Ṣé o mọ̀ pé bí aago bá lu méjìlá ọ̀sán ní Kùtọ́nù, oòrùn kò tíì dé àtàrí? Ó ṣì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Àárín Áfíríkà lọ́hùn-ún, níbi dìgírì 15 ní ìlà-oòrùn, ni aago tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ ń lò ti bá oòrùn mu. Kùtọ́nù ò ju bíi dìgírì 2.4 lọ, ìṣẹ́jú 4 sì ni oòrùn fi ń kọjá dìgírì kan. Ìwọ náà ṣírò ó. Abájọ tí àwọn Mùsùlùmí ìlú náà kì í fi í kí ìrun Àìlà ní aago méjìlá: oòrùn ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Èyí tó wà ní ibodè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tún panilẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà rẹ ní Hilla-Condji, tó o wọ Tógò, wákàtí kan ti padà sẹ́yìn. Ẹni tó kúrò ní Kùtọ́nù láago mẹ́jọ àárọ̀, tó fi wákàtí mẹ́ta rìn, aago mẹ́wàá ni yóò bá ní Lomé.



Bí ẹnikẹ́ni ní Lomé bá bá ọ dá àdéhùn aago méjì, tètè bi í pé aago ìlú wo.