Ṣómólú ni wọ́n ti ń di ìwé, Akọka ni oyè ọ̀mọ̀wé ti ń wá

Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú lè bá akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó níbẹ̀, tó ní kí wọ́n fi páálí líle di ìwé ìwádìí òun. Akọka, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàríga, kò jìnnà sí wọn.

Bí ọmọ bá ti ní òun kọ ìwé òun tán, òbí nílé á ti máa pè é ní dókítà. Ó ṣì kù! Ìwé náà yóò kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, yóò gba dípátímẹ́ǹtì kọjá, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn tó ń kàwé lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Wọn yóò wá olùyẹ̀wò láti yunifásítì mìíràn, nítorí olóúnjẹ kì í dá ọbẹ̀ ara rẹ̀ tọ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó síwájú wọn, wọn yóò da ìbéèrè bò ó. Sẹ́nétì, tí gíwá jẹ́ alága rẹ̀, ló ní àṣẹ ìkẹyìn.

Ìdúró ló ń dunni. Olùyẹ̀wò kan ṣoṣo tó gbé ìwé sábẹ́ tábìlì lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ìyanṣẹ́lódì ASUU tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Onílé Bàríga kò bá wọn yanṣẹ́ lódì.

Lójú tèmi, kí wọ́n fún olùyẹ̀wò ní gbèdéke ọjọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè mọ tábìlì tí ìwé rẹ̀ wà.