Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀: Bí Ìpínlẹ̀ Èkìtì Ṣe Ní Ìpín Nínú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìpínlẹ̀ wa ni ó ti gba Dùgbẹ̀ kọjá ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì gbójú sókè wo Ilé Kòkó. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lára àwọn tí ó ni ilé náà. Ìpín yìí kì í ṣe ẹ̀bùn láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùrè àti gbogbo ìhà gúúsù Èkìtì mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ wa.

Kòkó ni orísun owó tí wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn tí ó bá dàgbà sí oko kòkó sì mọ wàhálà tí ó wà nínú rẹ̀. A ó já èso, a ó là á, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kí ó lè kan, a ó sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Olùyẹ̀wò ìjọba yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gorí òṣùwọ̀n. Àpò 16 ni ó ń di tọ́ọ̀nù kan.

Àgbẹ̀ kò lè ta kòkó rẹ̀ sí òkè òkun fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1947, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa ra gbogbo kòkó Nàìjíríà. Láti ọdún 1954, ìgbìmọ̀ ẹkùn kọ̀ọ̀kan rọ́pò rẹ̀. Èyí ni àwọn àgbà wa mọ̀ sí Marketing Board. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń kéde iye tí wọn yóò ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí kòkó bá wọ́n ní ọjà àgbáyé ju iye náà lọ, àpò ìgbìmọ̀ ni àlékún ń wọ̀. Ìdí tí wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ni pé owó náà yóò gba àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún tí kòkó bá pọ̀n. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: owó tí ìbá dé ọwọ́ àgbẹ̀ ni. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún ilé gogoro náà, orúkọ yẹn sì fi òtítọ́ hàn.

Ilé-iṣẹ́ Cappa and D'Alberto ni ó kọ́ ọ. Ọdún 1965 ni iṣẹ́ parí, nígbà tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá jẹ́ Olórí Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àjà 26 ni ó ní, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Ilé tí ó ga ju gbogbo ilé yòókù lọ ní Nàìjíríà ni nígbà náà. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ìsàlẹ̀ òkè Olósùnta lè sọ pé òun ti rí gíga rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kọ́ ni ó gbé Olósùnta dúró.

Ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 1985, iná jó ilé náà gan-an. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tán tí ó sì padà sí iṣẹ́.

Báwo wá ni ó ṣe di ti Èkìtì? Nígbà tí ìjọba ológun pa àwọn ẹkùn rẹ́ ní ọdún 1967, ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó jogún ohun ìní náà. Ní oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n pín ìpínlẹ̀ yẹn sí mẹ́ta: Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Ilé gogoro kan kò ṣeé gé sí mẹ́ta bí ilẹ̀ oko. Nítorí náà ni wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ Odù'a Investment sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà, kí ó máa bójú tó ogún àjùmọ̀ní náà fún gbogbo wọn. Abẹ́ Oǹdó ni Èkìtì wà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1996, a di onípìn-ín ní orúkọ tiwa. Ọ̀ṣun ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa, nígbà tí ó kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991. Èkó náà darapọ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tẹ́lẹ̀.

Jíjẹ́ onípìn-ín kò túmọ̀ sí pé ọmọ Ẹmùrè lè dé Dùgbẹ̀ kí ó béèrè yàrá láìsan owó. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé àpò ìjọba ìpínlẹ̀ ni èrè orí ìpín wa ń wọ̀, ará ìlú sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ná an. Kì í sì í ṣe orí ilé kan ṣoṣo ni èrè náà ti ń wá. Premier Hotel ní Ìbàdàn àti Lagos Airport Hotel ní Ìkẹjà wà lára ogún kan náà. Inú Ilé Kòkó fúnra rẹ̀ ni olú iṣẹ́ Odù'a wà.