Níbi tí wọ́n ti ń yẹgi f'ọ́daràn l'Ékòó, ijó ni wọ́n ń jó níbẹ̀ báyìí o!

Ayé mà ń yí o! Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tí wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ láyé òyìnbó, òun ló di Freedom Park lọ́dún 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn gan-an làwọn olórin ti ń kọrin. Àwọn òṣìṣẹ́ á yà síbẹ̀ tí wọ́n bá ṣíwọ́, wọ́n á jókòó síta gbangba, ọtí tútù lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ fura o! Ìjọba ò fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi máa rìn lóru, ẹni tó bá jó kọjá àkókò, títì ló máa gbà délé. Àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ láyé ọjọ́un ò rọ́nà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rọ́nà, ẹ tètè máa lọ!