Ọ̀fìnkìn adìyẹ: Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ya àwòrán ohun tí ojú kò lè rí?

Ẹni tó bá ń ta adìyẹ ní Kútọnu ní oṣù Kejìlá ọdún 2007 yóò rántí. Oṣù náà ni wọ́n rí kòkòrò àrùn H5N1 lára adìyẹ ní Kútọnu àti ní Adjarra, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Nàìjíríà ló ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà, ní Kaduna, oṣù Kejì 2006. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2007, ó pa obìnrin ẹni ọdún 22 kan ní Èkó. Ó tún padà sí Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2021.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń pe ohunkóhun tó bá pa adìyẹ rẹpẹtẹ ní lukuluku. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Kòkòrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fà wọ́n, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí wá ni H àti N inú orúkọ yẹn? Ara kòkòrò náà kún fún ẹ̀gún wẹẹrẹ irú méjì. H ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣílẹ̀kùn wọ inú ara. N ni sísọ́ọ̀sì tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń já ara wọn gbà, kí wọ́n lè sá lọ ran ibòmíràn. Kọ́kọ́rọ́ H5 bá ilẹ̀kùn ara ẹyẹ mu. Ilẹ̀kùn inú imú àti ọ̀fun wa yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn fún un láti ti ara ènìyàn kan ran òmíràn. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ń yí padà lójoojúmọ́. Bí eyín kọ́kọ́rọ́ náà bá yí díẹ̀, ọ̀rọ̀ lè di ariwo.

Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́. Ọdún 1981 àti 1983 ni àwọn onímọ̀ tó mọ bí H àti N ṣe rí gan-an. Ìrísí N ni wọ́n wò tí wọ́n fi ṣe oògùn tó ń dí ẹnu sísọ́ọ̀sì náà, Relenza àti Tamiflu, tó jáde lọ́dún 1999. Lọ́dún 2020, Rommie Amaro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California, San Diego, fi kọ̀ǹpútà ńlá kan ya odidi kòkòrò ọ̀fìnkìn, átọ̀mù 160 mílíọ̀nù. Ti ọ̀fìnkìn tó jà kárí ayé lọ́dún 2009 ni wọ́n yà, kì í ṣe ti adìyẹ, àmọ́ ọ̀nà kan náà ṣe é lò. Àwòrán náà ń mì: ní 2022 wọ́n fi hàn pé àwọn ẹ̀gún yẹn ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń padé, kọ́lọ́fín tí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè gbá mú sì ń hàn síta.

Kí ló kan ẹni tó ń ta adìyẹ níbẹ̀? Kọ̀ǹpútà kò lè ya ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ara adìyẹ tó kú ni wọ́n ti ń mú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá eyín kọ́kọ́rọ́ ti yí. Ẹni tó bá yára gbé adìyẹ tó ń ṣàìsàn lọ sọ́jà ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. A kò pè é ní ìkà. Owó àjọ lè wà nínú agbo yẹn. Bí ìjọba bá fẹ́ kí wọ́n pa gbogbo adìyẹ agbo kan, kó tètè san owó rẹ̀, torí ẹni tí kò ní rí nǹkan kan gbà kò ní pe dókítà ẹran.

Bí adìyẹ yín bá ń kú lójijì, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, ẹ má jù ú sódò. Ẹ pe dókítà ẹran kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ má jẹ èyí tó ṣàìsàn tàbí tó kú fúnra rẹ̀. Adìyẹ tí ara rẹ̀ dá, tó bá jinná dénú, tí ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́, kò léwu láti jẹ.