Orúkọ Fáìlì Tí Unix Kò Kọ̀

Nínú ẹ̀dà kẹfà ètò kọ̀ǹpútà Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie gbé jáde ní Bell Labs, ní New Jersey, lọ́dún 1975, orúkọ fáìlì kò lè ju báìtì 14 lọ. Yàtọ̀ sí gígùn yẹn, ohun méjì péré ni wọ́n kà léèwọ̀: àmì “/” tó ń ya fódà kan kúrò lára èkejì, àti báìtì òdo tó ń fi hàn pé orúkọ ti parí. Ohunkóhun mìíràn tó bá wuni, ó ti dorúkọ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ṣẹ́ẹ̀lì, ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀, ni wàhálà ti wọlé. Àlàfo ló fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ tẹ “rm ìwé owó.txt” láti pa fáìlì kan rẹ́, méjì ni rm yóò máa wá: “ìwé” àti “owó.txt”. Bí ẹ bá fi àmì ' ' yí orúkọ náà ká, ó tán.

Orúkọ tó fi “-” bẹ̀rẹ̀ ló léwu jù. Ká ní fáìlì kan ń jẹ́ “-rf”, tí ẹnì kan wá tẹ “rm *” nínú fódà yẹn. Ṣẹ́ẹ̀lì yóò kọ́kọ́ sọ “*” di orúkọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kó tó kó wọn lé rm lọ́wọ́. Rm kò ní mọ̀ pé orúkọ fáìlì ni “-rf”. Àṣẹ ni yóò kà á sí, pé kó pa àwọn fódà àti gbogbo inú wọn rẹ́ láìbéèrè. “./-rf” ni kí ẹ pè é, tàbí kí ẹ fi “--” ṣáájú rẹ̀.

Orúkọ mìíràn tilẹ̀ máa ń ní ìlà tuntun nínú. Fún irú èyí, àwọn àṣẹ “find -print0” àti “xargs -0” ń fi báìtì òdo, èèwọ̀ àtijọ́ yẹn, pààlà láàrin orúkọ àti orúkọ. Ọdún 2024 ni POSIX, ìlànà àwọn ètò bíi Unix, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n wọlé, ó sì pẹ́ jù lójú mi.

Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ká má fi ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán lọ sọ fáìlì lórúkọ. Àìkà-nǹkan-léèwọ̀ tó bí wàhálà yìí náà ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ní oṣù kẹsàn-án 1992, Thompson kan náà àti Rob Pike jókòó nílé oúnjẹ kan ní New Jersey, wọ́n ṣètò UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń sọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè di báìtì. Wọ́n rí i dájú pé báìtì “/” tàbí báìtì òdo kò ní fara pamọ́ sínú lẹ́tà èdè kankan. Ìdí nìyẹn tí “ẹ̀kọ́.txt” fi lè dúró tòun ti ohùn àti àmì abẹ́ rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù. Ó kéré tán, ọ̀nà méjì la lè gbà kọ “ẹ́”: ká fi ohùn lé “ẹ” lórí, tàbí ká fi àmì sábẹ́ “é”. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n báìtì ni Linux, ètò tó fara jọ Unix, ń wò, fáìlì méjì ló sì máa ń kà wọ́n sí. Bí orúkọ tí ẹ tẹ̀ kò bá jẹ́ yín lóhùn, “ls | od -c” yóò tú báìtì rẹ̀ síta. “ls -i” yóò sì fún yín ní nọ́ńbà fáìlì náà, kí “find -inum” lè fi nọ́ńbà mú un.